Bọ́ọ̀lù Iná Ilé Wa ní Makera

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ní Barakallahu, mo ń dúró de ọmọkùnrin tó ń tún fóònù mi ṣe. Ojú ibi tí a ti ń fún un níná ló yẹ̀. Mo gbé àpò tòmátò mi sáàárín ẹsẹ̀, mo ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú, kí ìdúró náà má baà gùn lójú mi. Ọmọkùnrin náà fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, èéfín tín-ín-rín gòkè lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dé imú mi. Ó dùn díẹ̀, ó korò díẹ̀, bí ìgbà tí oje igi bá ń jóná. Bí mo ṣe gbọ́ òórùn yẹn, n kò rí Barakallahu mọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Makera ni mo rí, àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì tí wọ́n forí kan orí lórí àpótí pákó kan, tí èmi náà jókòó tì wọ́n, tí ọwọ́ mi ń rùn bí bàbà.

Ìwọ náà gbé Kaduna láyé ọjọ́un, o mọ irú ilé tí mò ń sọ. Yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn là á láàárín, ilé ìdáná wà lẹ́yìn, igi dóńgóyárò kan sì wà ní àgbàlá tí gbogbo ayálégbé ń jókòó sí lábẹ́ rẹ̀ bí oòrùn bá mú. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá láti Kakuri, á gbé òórùn aró àti epo ẹ̀rọ láti àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ dé ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá wa ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n bá ti ẹnu iṣẹ́ dé, èérún òwú á ti bo irun wọn, wọ́n á funfun bí ẹni pé wọ́n darúgbó láàárín ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá wẹ̀ tán, wọ́n á tún di ọ̀dọ́. Apá Kàbà la ti wá. Yorùbá là ń sọ nínú yàrá àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá ti fi ẹsẹ̀ kan lé àgbàlá, ó di Haúsá.

Ìbejì ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n sì fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. “Ẹ” ni mò ń pè wọ́n títí dòní, ṣùgbọ́n bí mo bá ń pe àwọn méjèèjì ní “wọ́n” nínú ọ̀rọ̀ yìí, o kò ní mọ èwo ni mò ń sọ, nítorí náà jẹ́ kí n máa pe ẹnì kọ̀ọ̀kan ní “ó”. Ọwọ́ Táíwò yá. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ilé tí kò ní tú palẹ̀. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ á jókòó, á máa wo nǹkan náà títí, kò ní fọwọ́ kàn án. O mọ bí ọ̀rọ̀ ìbejì ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, àmọ́ Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, torí òun ló rán èkejì rẹ̀ pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dára. Màmá wa kò fi èyí ṣeré rárá. Kẹ́hìndé ló ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú abọ́. Bí wọ́n bá sì rán Kẹ́hìndé níṣẹ́ nínú oòrùn, á yíjú sí Táíwò, á ní, “Lọ wò ó wá bóyá ó dáa.” Táíwò á ní ta ló rán òun, òun bojú wẹ̀yìn nígbà tí òun ń bọ̀, òun kò rí ẹnì kankan. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jọ lọ.

Ní Kérésìmesì kan, lẹ́yìn tí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, bàbá wa mú àwọn méjèèjì lọ kí ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ wọn nílé. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún wa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn ọmọ ọ̀gá náà so àpótí kékeré kan mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìlà funfun kan wà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì, àmì funfun kan tó dà bí ẹyọ ìrẹsì sì ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa fi ìlà tirẹ̀ gbá a padà, ẹni tí kò bá gbá a ló pàdánù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò jẹ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kàn án. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, pẹ̀lú ṣíńṣíìnì lọ́wọ́, tí wọ́n ń wò ó títí bàbá wa fi ní ó tó àkókò láti máa lọ.

Ọyẹ́ kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí Táíwò fi ṣe tirẹ̀. A kò ní tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà pákó àpótí ọṣẹ ló fi ṣe é. Ó to àwọn gílóòbù tọ́ọ̀ṣì sí ìlà kan lórí rẹ̀. Ó mú bóbìnì, igi róbótó tí wọ́n ń ká òwú sí ní ilé-iṣẹ́ bàbá wa, èyí tó ti là tí wọ́n sì ti jù nù. Ó ká bàbà pẹlẹbẹ mọ́ ọn lára lọ́nà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ń yí i, iná á máa tàn nínú gílóòbù kan lẹ́yìn òmíràn. Ó fi bátìrì méjì sí i nínú. Bí o bá jìnnà díẹ̀, o kò ní rí àwọn gílóòbù náà mọ́. Ẹyọ iná kan ṣoṣo lo máa rí, tó ń sáré. Bó bá dé ìparí, ẹni tó ń ta ayò náà á tẹ páànù kan mọ́lẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lásìkò, gílóòbù tí wọ́n fi bébà súìtì aláwọ̀ ewé bò á tàn. Èmi ni wọ́n fi sídìí bóbìnì, torí ọwọ́ mi kì í yára jù, kì í sì í falẹ̀ jù. Bọ́ọ̀lù iná la pè é, gbogbo ọmọ àdúgbò sì kún àgbàlá wa.

Àléébù kan ló ní. Bọ́ọ̀lù náà ń lọ, kì í bọ̀. Bó bá ti dé ìparí, á kú, á tún yọ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ́hìndé wo èyí títí. Nígbà tó yá, ó bèèrè bóbìnì mìíràn lọ́wọ́ bàbá wa, ó ká bàbà mọ́ ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún ká a láti ìsàlẹ̀ padà sókè, kò sì jẹ́ kí èyí kan ìyẹn. Bí mo ṣe yí i, bọ́ọ̀lù lọ, ó sì bọ̀. Ó tún fi aago kẹ̀kẹ́ kan há ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ń dún bí ẹni tó ń ta á bá gbá a dáadáa. Èèyàn méjì lè wá kọjú síra wọn bí ti ilé ọ̀gá yẹn gan-an. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo ọmọ fi ìdí àpótí Táíwò sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Táíwò ní olè ni Kẹ́hìndé, ó jí iṣẹ́ òun. Kẹ́hìndé ní bọ́ọ̀lù tí kò lè padà kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Láyé ìgbà yẹn, Táíwàn là ń pe gbogbo ayédèrú ọjà, ì báà ṣe aago ọwọ́ tàbí bàtà. Ọmọ aláwàdà kan ní àgbàlá wa wá ní ti Táíwò ni ojúlówó, ti Kẹ́hìndé ni Táíwàn. Ọ̀rọ̀ náà rìn. Àwọn ọmọ á ti ẹnu géètì máa kígbe pé “Táíwàn dà?”, àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì á sì yíjú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nítorí àpótí rẹ̀, èkejì nítorí orúkọ rẹ̀. Inú Táíwò ló bàjẹ́ jù sí àwàdà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwàdà náà gbè.

Ẹni tó bu epo sí iná yìí láìmọ̀ ni ayálégbé kan tó wá láti Èkó, tó ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà. Ó jókòó lábẹ́ dóńgóyárò lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ariwo wọn, ó sì sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe àkọ́kọ́. Ó ní àwọn tó ṣe bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n yẹn gan-an ti gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ lókè òkun, tí ọ̀kan ń sọ pé ọwọ́ òun ni èkejì ti rí i. Ó ní ìwé kan wà tí ìjọba máa ń fún ẹni tó bá kọ́kọ́ mú nǹkan jáde, pé páténtì ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá ní in lè ní kí ẹlòmíràn má ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ mú un jáde: gbólóhùn yẹn ni Táíwò gbé dání. Lọ́jọ́ kejì, ó ti fi ọ̀dà pupa kọ PÁTÉNTÌ TÁÍWÒ sára àpótí rẹ̀.

Kẹ́hìndé kà á, kò bínú. Ó ní, “Kọ orúkọ àwọn ọmọ ọ̀gá Bàbá mọ́ ọn.”

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Táíwò tú bóbìnì tirẹ̀, tó sì ká bàbà náà lọ àti bọ̀ bí ti èkejì rẹ̀. Ó tún wá aago kẹ̀kẹ́ kan há a. Nígbà tó wá di pé tiwọn méjèèjì ń lọ tí ń bọ̀ tí ń dún bákan náà, Kẹ́hìndé dúró lé e lórí, ó bi í pé páténtì ta ni èyí. Láti ọjọ́ náà ni wọn kò ti jẹun nínú abọ́ kan mọ́. Màmá wa á bu oúnjẹ sínú abọ́ méjì, wọ́n á gbé e kalẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbé.

Àkókò yẹn ni rédíò bàbá wa kú, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ Alájì kan tó ń ta rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nítòsí ọjà. Alájì ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti ń tún nǹkan ṣe. Bàbá wa fi àwọn ọmọ wọn àti bọ́ọ̀lù iná náà yangàn, Alájì sì ní òun fẹ́ rí i, torí òun ń wá ọmọ kan tí yóò kọ́ṣẹ́. Ọmọ kan ni o. Òun kì í gba méjì látinú ilé kan. O mọ ohun tí èyí jẹ́ fún wa. Àwọn ìbejì ti parí girama, owó kò sí láti tẹ̀ síwájú, ilé-iṣẹ́ aṣọ tí gbogbo ọmọ Makera ń gbójú lé sì ti ń dá àwọn èèyàn dúró. Ẹni tí Alájì bá mú ti rí iṣẹ́ tí yóò fi jẹun títí ayé. Ẹni tí wọn kò bá mú á jókòó sí àgbàlá.

Ọjọ́ ìsinmi ni Alájì wá, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Bàbá wa wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀sán. Àwọn ìbejì gbé àpótí wọn kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mo yí ti ọ̀kan, mo yí ti èkejì. Alájì gbá bọ́ọ̀lù náà fúnra wọn, aago dún, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n wá bèèrè ta ló ṣe é. Àwọn méjèèjì dáhùn papọ̀, ìjà náà sì tú síta lójú àlejò. Alájì gbọ́ tẹnu ọ̀kan, wọ́n gbọ́ tẹnu èkejì, wọ́n gbọ́wọ́ sókè pé ó tó. Wọ́n yíjú sí màmá wa, wọ́n sì bi wọ́n ní ẹ̀kan ṣoṣo pé èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn.

“Wane ne babba?”

Màmá wa kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Kẹ́hìndé ne babba.”

Alájì bọ Kẹ́hìndé lọ́wọ́, wọ́n ní kó wá ní ọjọ́ Ajé. Ó parí. Táíwò gbé àpótí rẹ̀, ó kọjú ọ̀dà pupa náà sí ògiri. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn ìgbà náà, bí màmá wa bá pè é, á dá wọn lóhùn, kò ní wo ojú wọn. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní Màmá mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, ojú wọn ni òun ṣe ṣe é, ẹran tí wọ́n ti ń fún Kẹ́hìndé láti kékeré ni wọ́n tún fún un yìí.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún Kẹ́hìndé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn yẹn, òórùn lẹ́ẹ̀dì kún ibẹ̀, tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti tú ìdí wọn wà káàkiri. Ẹnì kan ké pe “Hassan!”, Kẹ́hìndé sì dáhùn. Ìbejì kan wà ní kíláàsì mi, Hassana àti Hussaina, Hassana kì í sì í jẹ́ kí èkejì rẹ̀ gbàgbé pé òun ló kọ́kọ́ jáde, nítorí náà òun ni ẹ̀gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ àwọn Haúsá: ẹni tó kọ́kọ́ jáde ló ń jẹ́ Hassan, òun náà ló dàgbà jù. Mo bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ìdí tí wọ́n fi ń pe ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀. Ó ní Alájì ló sọ fún wọn. Alájì ní òun kò fẹ́ dá ẹjọ́ láàárín ọmọ ìyá kan náà, òun kàn bi ìyá wọn, ìyá wọn fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí pé èyí ni àkọ́kọ́.

N kò rántí bí mo ṣe délé. Màmá wa ń ṣa ẹ̀wà. Mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀wà náà sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ni wọ́n bi àwọn, wọn kò bi àwọn ní ẹni tó kọ́kọ́ jáde. Wọ́n wo ògiri tí Táíwò kọjú àpótí rẹ̀ sí, ojú wọn sì rẹ̀wẹ̀sì.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú èmi àti Táíwò lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alájì, pẹ̀lú àpótí méjèèjì. Haúsá màmá wa kò jinlẹ̀, èmi ni mò ń bá wọn tún un ṣe níbi tó bá ti há. Wọ́n ṣàlàyé pé lọ́dọ̀ wa ẹni tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán èyí tó ṣáájú. Alájì fetí sílẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n nu orí. “Ku Yarabawa,” ni wọ́n ń wí, ẹ̀yin Yorùbá, ẹ̀yin Yorùbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó wà lẹ́yìn lè rán ẹni tó wà níwájú, ó lè jẹ́ pé tirẹ̀ ni iṣẹ́ náà lóòótọ́. Wọ́n yíjú sí Kẹ́hìndé, tó dúró pẹ̀lú tẹ́sítà tí Alájì fi ń dán iná wò lọ́wọ́, wọ́n bi í bóyá òun ló rán Táíwò pé kó lọ ṣe àpótí náà.

Bó bá kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ náà ti di tirẹ̀ pátápátá. Màmá wa ò ní sọ pé irọ́ ni, torí ohun tí wọ́n ti ń sọ fún un láti ìgbà tó ti gbọ́njú nìyẹn. Mo rí i tó wo Táíwò. Táíwò ń wo ilẹ̀.

“A’a,” ni Kẹ́hìndé wí. “Ban aike shi ba.” Rárá, òun kò rán an.

Ó na tẹ́sítà náà sí èkejì rẹ̀. Táíwò gbà á, kò tètè gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ ṣé.” Gbogbo ọjọ́ ayé wọn, n kò gbọ́ kí Táíwò pe Kẹ́hìndé ní “ẹ” rí.

Táíwò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Badarawa, àpótí ọlọ́dà pupa yẹn sì wà lókè pẹpẹ níbẹ̀, ó ń fi han oníbàárà pé òun ló kọ́kọ́ ṣe gémù ní gbogbo Makera. Kẹ́hìndé di olùkọ́, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí apá Kàbà. Bí mo bá ń gbọ́ tí àwọn ọmọ mi ń jiyàn lórí gémù inú fóònù, pé èyí jí ti ìyẹn, ọwọ́ mi a máa dà bí ẹni tó ń yí bóbìnì. Ẹni tó ṣe bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n yẹn náà, ó dá mi lójú pé ó ti rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré lórí tábìlì. Èmi tí mo jókòó sídìí àpótí náà jù lọ, mo mọ ohun kan tí àwọn tó ń ta á kò lè rí. Iná yẹn kò sáré rí. Gílóòbù kọ̀ọ̀kan dúró sójú kan, ó gbà á lọ́wọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó fi fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá jìnnà ló ń rò pé ẹyọ kan ni.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo rò lọ́jọ́ tí a ń ti ṣọ́ọ̀bù Alájì bọ̀. Inú ló ń bí mi. Táíwò ti dúró sí ṣọ́ọ̀bù, Màmá wa ń lọ níwájú, Kẹ́hìndé gbé àpótí tirẹ̀ lé orí, aago kẹ̀kẹ́ náà ń dún díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde ní Kakuri, èérún òwú wà lórí gbogbo wọn. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ pé òun ló rán Táíwò, ó ṣe tán, ohun tó ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn. A kọjá ojú irin. Ó wá ní lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀gá Bàbá lọ́jọ́ Kérésìmesì yẹn, òun sọ ọ́ sí Táíwò létí pé kó lọ ṣe irú rẹ̀ fún àwọn, kí àwọn wò ó bóyá ó dáa. Ó dúró, ó tún àpótí náà gbé lé orí.

“Mo rán an,” ló wí. “Àmọ́ òun ló lọ.”